Ẹ Mọ Kòkòrò Kí Ẹ Tó Mú Oògùn: Ìtọ́sọ́nà fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ìlera

Ara gbígbóná ló ń gbé ọ̀pọ̀ aláìsàn wá sí ilé ìwòsàn wa. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín, wọ́n ti gba ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì kọjá, ó sì ti po oògùn fún wọn: oògùn ibà, Flagyl, Ampiclox, Septrin, gbogbo rẹ̀ nínú ọ̀rá kékeré kan. Bí ara aláìsàn náà bá yá, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn. Bí kò bá yá, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó kàn láti ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, tẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò, tẹ́ ẹ sì ń múra láti di òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko, ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí sí. Irú kòkòrò ló ń pinnu irú oògùn. Ẹni tí kò bá tíì mọ kòkòrò tó ń bá jà, kò tíì yẹ kó mú bírò láti kọ oògùn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: irú ẹ̀dá wo ni?

Kí ẹ tó há orúkọ kankan sórí, ẹ pín wọn sí mẹ́rin.

Fáírọ́ọ̀sì ló kéré jù. Kò ní sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì wa ló ń wọ̀ lọ kó tó lè pọ̀ sí i, máíkíròsíkóòpù orí tábìlì wa kò sì lè fi í hàn. Ọ̀fìnkìn, èéyi, rọpárọsẹ̀ àti ibà Lassa wà nínú ìdílé yìí. Antibáyótíìkì kò rí nǹkan kan ṣe sí i, torí pé ohun tí oògùn náà ń bà jẹ́ lára bakitéríà, fáírọ́ọ̀sì kò ní in. Ẹni tó bá wá láti Ọ̀wọ̀ tàbí ibòmíràn tí Lassa ti ń jà, tí ara gbígbóná rẹ̀ kò gbóògùn ibà, tí kò gbọ́ antibáyótíìkì, ẹ má ṣe wá antibáyótíìkì mìíràn fún un. Ẹ wọ ibọ̀wọ́, ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ pe àwọn tó ń bójú tó Lassa lọ́jọ́ náà gan-an.

Bakitéríà jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó dá dúró. Ó ní ògiri, ó ní ohun tó fi ń ṣe purotéènì, àmọ́ DNA rẹ̀ kò sí nínú àpò bíi ti sẹ́ẹ̀lì wa. Bí oúnjẹ àti ìgbóná bá tẹ́ E. coli lọ́rùn, láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú ni ọ̀kan ti ń di méjì. Kì í ṣe gbogbo bakitéríà ló ń ṣe ibi o. Àìmọye wọn ló ń gbé inú ìfun wa, tí wọn kì í jẹ́ kí àwọn burúkú ráyè jókòó.

Fọ́ńgọ́ọ̀sì ló ń fa làpálàpá. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jọ tiwa ju ti bakitéríà lọ, nítorí náà ampicillin kò lè mú un. Kódà, obìnrin tó ń lo antibáyótíìkì lè ṣàdédé máa yún lójú ara, torí pé oògùn náà ti pa bakitéríà rere tí kì í jẹ́ kí Candida, fọ́ńgọ́ọ̀sì kan, gbilẹ̀.

Ìkẹrin ni kòkòrò afòmọ́, èyí tó ń gbé lára wa tó sì ń jẹ lára wa. Àwọn kan jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, bíi Plasmodium tó ń fa ibà, Giardia, àti Entamoeba histolytica tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn. Àwọn yòókù jẹ́ aràn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ gba sámpù bó ṣe yẹ

Sámpù tó ti bàjẹ́ kò ṣeé tún ṣe ní yàrá àyẹ̀wò. Bí ẹ bá fura sí bakitéríà, ẹ gba sámpù kí antibáyótíìkì àkọ́kọ́ tó wọ ara. Tí àìsàn náà bá le tó bẹ́ẹ̀ tí oògùn kò lè dúró, ẹ fa ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ kan, kí ẹlòmíràn máa po abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ kejì.

Ní ti ìtọ̀, ẹ má kàn na ike sí aláìsàn. Ẹ ṣàlàyé fún un: kó fi omi fọ ojú ara, kó jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ dà nù, kó gbe ike sí ti àárín, kó sì tọ ìyókù nù. Ìtọ̀ náà gbọ́dọ̀ dé yàrá àyẹ̀wò láàárín wákàtí méjì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e sí fíríìjì ní 4°C. Ìtọ̀ tó bá jókòó sórí tábìlì látàárọ̀ ti di oko bakitéríà. Ó sì lè dé 100,000 nínú mílílítà kan, iye tí a fi ń sọ pé àrùn wà nínú àpò ìtọ̀, láìjẹ́ pé nǹkan kan ń ṣe aláìsàn.

Omi ọ̀pá ẹ̀yìn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbé e sí fíríìjì láéláé. Òtútù ń pa Neisseria meningitidis àti Haemophilus influenzae, àwọn bakitéríà tó ń fa yírùnyírùn, ẹ ó wá rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé e lọ kíákíá.

Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ti inú ẹ̀dọ̀fóró wá. Itọ́ ẹnu kò wúlò. Ìgbẹ́ ọ̀rìn ẹlẹ́jẹ̀ ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 30 ìṣẹ́jú lọ kí ẹ tó wò ó, torí pé amíbà kì í pẹ́ dá rírìn dúró, bí kò bá sì rìn, ó ṣòro láti dá a mọ̀. Ẹ kọ oògùn tí aláìsàn ti lò ṣáájú sórí fọ́ọ̀mù. Bí fọ́ọ̀mù bá dé láìsí èyí, ẹni tó wà ní yàrá àyẹ̀wò kò ní mọ̀ bóyá bakitéríà kò sí ni tàbí oògùn ló ti pa á mọ́ inú sámpù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi aró Gram pa á

Hans Christian Gram, dókítà ará Denmark, ló gbé ọ̀nà yìí jáde lọ́dún 1884 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, kò sì tíì sí èyí tó gba ipò rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ ṣe é títí ọwọ́ yín yóò fi mọ́ ọn.

Ẹ ta sámpù náà fẹ́ẹ́rẹ́ sórí síláìdì tó mọ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ fi kọjá lórí iná lẹ́ẹ̀mẹta, kíákíá. Bí ẹ bá fi kan ẹ̀yìn ọwọ́, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má jó yín.

Ẹ da crystal violet lé e fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fi omi ṣàn án. Lẹ́yìn náà ẹ da áyódíìnì Lugol lé e fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún ṣàn án. Èyí tó kàn ni ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́: ẹ da acetone pẹ̀lú ọtí lé e, kí ẹ máa wò ó. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ni. Ní kété tí àwọ̀ bá dá ṣíṣàn dúró, ẹ fi omi ṣàn án lójú ẹsẹ̀. Ní ìparí, ẹ da neutral red tàbí safranin lé e fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, ẹ ṣàn án, kí ẹ gbé síláìdì nàró kó gbẹ. Ẹ má fi aṣọ nù ún. Ẹ kán òróró sí i, kí ẹ lo lẹ́ńsì x100.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rèé. Crystal violet àti áyódíìnì máa ń so pọ̀ di ohun ńlá nínú bakitéríà. Ẹni tó bá ti dúró ti aláró rí mọ̀ pé aṣọ tó ki máa ń mu aró jinlẹ̀, tí omi kan kò sì lè ṣàn án kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni ògiri bakitéríà tó nípọn ṣe máa ń há àwọ̀ mọ́ inú nígbà tí ọtí bá fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Ìyẹn ni Gram-positive, àwọ̀ rẹ̀ á jẹ́ elésè àlùkò. Ògiri Gram-negative tinrín, ọ̀rá ló sì bò ó níta. Ọtí á yọ́ ọ̀rá náà, àwọ̀ á jáde, yóò wá gba àwọ̀ pínǹkì tí ẹ dà sí i kẹ́yìn.

Ẹ wo ìrísí rẹ̀ pẹ̀lú. Róbótó elésè àlùkò tó ṣùjọ bí ìdì èso: ó jọ Staphylococcus. Tó bá tò bí ìlẹ̀kẹ̀, Streptococcus ni ẹ máa rò. Tó bá jẹ́ méjì-méjì nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹni tó ní òtútù àyà, ẹ ronú kan Streptococcus pneumoniae. Pínǹkì méjì-méjì nínú sẹ́ẹ̀lì ọyún láti ojú ara ọkùnrin, àtọ̀sí nìyẹn. Pínǹkì tó gùn bí ọ̀pá kékeré nínú ìtọ̀ sábà máa ń jẹ́ E. coli tàbí àwọn ìbátan rẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ọwọ́ yín kò ṣì? Ẹ wo sẹ́ẹ̀lì ọyún tó wà lórí síláìdì kan náà. Inú rẹ̀ yẹ kó jẹ́ pínǹkì. Bí ó bá jẹ́ elésè àlùkò, ẹ kò ṣàn àwọ̀ kúrò tó, ẹ má gba ohun tí síláìdì yẹn ń sọ gbọ́. Bí ẹ bá sì ṣàn án jù, Staphylococcus gan-an á di pínǹkì. Ẹ máa ní síláìdì kan tí ẹ ti mọ ohun tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ máa pa á láró pẹ̀lú ti aláìsàn.

Kòkòrò ikọ́ ife ní ọ̀rá lára tí aró Gram kò fi lè wọlé dáadáa. Ziehl-Neelsen ni tirẹ̀, níbi tí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ pupa á ti yọ lórí ilẹ̀ búlúù. Mycoplasma, bakitéríà kan, kò tilẹ̀ ní ògiri rárá. Ẹ rántí èyí tí a bá dé orí oògùn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ gbìn ín, kí ẹ bi í léèrè oògùn tó ń ràn án

Gram ń tọ́ka ọ̀nà, gbígbìn ló ń sọ orúkọ. Ẹ gbìn ín sórí blood agar àti MacConkey, àwọn oúnjẹ tí bakitéríà ń hù lórí wọn nínú àwo, kó sùn mọ́jú ní 35 sí 37°C. Lórí MacConkey, E. coli á yọ pínǹkì torí pé ó ń jẹ ṣúgà inú wàrà. Salmonella kì í jẹ ẹ́, kò sì ní àwọ̀.

Láti mọ oògùn tó ń pa á, ẹ po bakitéríà náà sínú omi iyọ̀ títí yóò fi ṣú dé ìwọ̀n 0.5 McFarland. Ẹ fi òwú pa á sórí agar Mueller-Hinton ní ọ̀nà mẹ́ta kí ibì kan má ṣófo, ẹ to bébà oògùn lé e, kí ẹ gbé e sínú incubator kí 15 ìṣẹ́jú tó pé. Lẹ́yìn wákàtí 16 sí 18, ẹ fi rúlà wọn àyíká tí bakitéríà kò ti hù.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù lọ nínú ìwé ìdánwò ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á mú oògùn tí àyíká rẹ̀ fẹ̀ jù, á ní òun ló dára jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oògùn kan máa ń yára ràn nínú agar, òmíràn máa ń lọ́ra. Oògùn kọ̀ọ̀kan ló ní iye mìlímítà tirẹ̀ nínú tábìlì CLSI tàbí EUCAST, àwọn àjọ tó ń gbé ìlànà àyẹ̀wò yìí kalẹ̀, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá ó ràn án tàbí kò ràn án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá taifọ́ìdì, níhìn-ín, torí ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí. Àyẹ̀wò Widal ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó láti sọ pé taifọ́ìdì ló ń ṣe èèyàn ní ilẹ̀ wa. Ohun tó ń wá nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn èròjà tí ara ṣe láti fi bá kòkòrò jà, lè jẹ́ ti taifọ́ìdì àtijọ́, ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, tàbí ti Salmonella mìíràn. Àìmọye èèyàn ni wọ́n ti sọ fún pé "ibà àti taifọ́ìdì" ni wọ́n ní, tí wọ́n sì ti fi owó oúnjẹ ra cipro tí kò kàn wọ́n. Gbígbin ẹ̀jẹ̀, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ló ń fi Salmonella Typhi hàn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ mọ ibi tí antibáyótíìkì ti ń kọlù ú

Ẹ má há oògùn sórí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́.

Penicillin, amoxicillin, cloxacillin àti ceftriaxone ń ba ògiri bakitéríà jẹ́. Àwa kò ní ògiri bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í sábà ṣe ara wa ní ibi, àfi ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ̀ wọ́n. Ẹ máa béèrè kí ẹ tó gún abẹ́rẹ́ penicillin, kí adrenaline sì wà nítòsí. Mycoplasma tí kò ní ògiri kò bẹ̀rù ọ̀kankan nínú wọn.

Gentamicin, doxycycline, erythromycin, azithromycin àti chloramphenicol ń dí bakitéríà lọ́wọ́ láti ṣe purotéènì. Gentamicin lè ba kíndìnrín àti etí jẹ́. Tetracycline, ìbátan doxycycline, máa ń sọ eyín ọmọdé di dúdú, kì í ṣe ti aboyún, kì í ṣe ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ. Ẹni tó bá fi mílíìkì tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin mu ún, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ní wọ ara.

Ciprofloxacin ń dojú kọ DNA. Metronidazole náà ń ba DNA jẹ́, àmọ́ ti àwọn kòkòrò tí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́ àti ti amíbà. Septrin kì í jẹ́ kí bakitéríà ṣe folic acid. Ẹ ṣọ́ra fún Septrin lọ́wọ́ ẹni tí èròjà G6PD rẹ̀ kò tó, èyí tó wọ́pọ̀ láàárín wa: sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, kí ojú rẹ̀ pọ́n yẹ́lò, kí ìtọ̀ rẹ̀ ṣú.

Bakitéríà náà kì í jókòó kó máa wòran. Àwọn kan ń ṣe èròjà tó ń fọ́ penicillin sí wẹ́wẹ́. Àwọn kan ń yí ibi tí oògùn ń dì mú padà. Àwọn kan ń tu oògùn síta. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n lè fi ọgbọ́n yìí ránṣẹ́ sí bakitéríà mìíràn, kódà tí kì í ṣe irú tiwọn, nípasẹ̀ òrùka DNA kékeré tí a ń pè ní plasmid. Alexander Fleming, tó rí penicillin lọ́dún 1928, ti kìlọ̀ nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945 pé ìwọ̀n oògùn tí kò tó á kọ́ kòkòrò bó ṣe máa yè. Lọ́dún 2019, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 1.27 mílíọ̀nù èèyàn ni bakitéríà tí kò gbóògùn mọ́ pa káàkiri ayé.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí ìyá tó tú kápúsù pupa-àti-yẹ́lò sórí egbò ọmọ rẹ̀, ẹ má bú u. Ẹ sọ fún un pé: "Ìyá, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ egbò yẹn, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó. Ẹ̀tù yìí kò tó láti pa kòkòrò ibẹ̀, ó kàn ń kọ́ ọ lọ́gbọ́n ni." Bákan náà, Ampiclox tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé mì lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kò dènà HIV, kò dènà oyún, àtọ̀sí ayé ìsinsìnyí kò sì bẹ̀rù rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: síláìdì ibà

Ẹ nu ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní ìka kúrò. Ẹ kán ẹ̀jẹ̀ sí ibi méjì lórí síláìdì kan náà. Ẹ ro ọ̀kan pọ̀ kó nípọn, débi pé tí ẹ bá gbé e lé ìwé ìròyìn, ẹ ó ṣì lè ka ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fa ìkejì tinrín. Bí wọ́n bá gbẹ, ẹ fi methanol kan tinrín nìkan. Bí methanol bá kan èyí tó nípọn, sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ kò ní fọ́ mọ́, ẹ kò sì ní rí nǹkan kan láàárín wọn.

Ẹ po aró Giemsa 10% sínú buffer pH 7.2, kí ẹ fi síláìdì sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ wá kòkòrò lórí èyí tó nípọn, kí ẹ fi tinrín mọ irú rẹ̀. Plasmodium falciparum, tó pọ̀ jù ní Nàìjíríà, máa ń dà bí òrùka tẹ́ẹ́rẹ́, nígbà mìíràn méjì tàbí mẹ́ta nínú sẹ́ẹ̀lì kan. Akọ àti abo rẹ̀ tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ wo ojú ibi 100 ó kéré tán kí ẹ tó kọ pé kò sí.

Ẹ má kọ "++". Ẹ ka kòkòrò títí ẹ ó fi ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun 200, kí ẹ fi 40 sọ ọ́ di púpọ̀, torí pé 8,000 sẹ́ẹ̀lì funfun la fi ṣe ìwọ̀n nínú máíkírólítà kan. Bí ẹ bá rí 50, ó jẹ́ 2,000. Nọ́ńbà yìí ni dókítà máa fi mọ̀ lọ́la bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́.

RDT, àyẹ̀wò ibà oníkíákíá, yára, ó sì wúlò níbi tí kò sí iná. Ṣùgbọ́n èyí tó ń wá HRP2, purotéènì kòkòrò ibà, lè ṣì máa sọ pé ibà wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú, nítorí náà ẹ má fi í wo bóyá aláìsàn ti gbádùn.

Fún àgbàlagbà, artemether-lumefantrine 20/120 jẹ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan: ti àkọ́kọ́, òmíràn lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ, lẹ́yìn náà àárọ̀ àti alẹ́ ní ọjọ́ kejì àti ìkẹta. Oúnjẹ tó ní òróró ni kó fi lò ó, torí òróró ló ń gbé lumefantrine wọ ara. Ẹni tó ń gìrì, tó dákú, tí kò lè mu omi, abẹ́rẹ́ artesunate ló nílò. Bí àyẹ̀wò bá sì sọ pé kò sí ibà, ẹ wá ohun mìíràn.

Ìgbésẹ̀ keje: ìgbẹ́ àti ìtọ̀

Ẹ fi omi iyọ̀ po ìgbẹ́ díẹ̀ sí apá kan síláìdì, kí ẹ fi áyódíìnì po òmíràn sí apá kejì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú x10, kí ẹ wá bọ́ sí x40. Ẹyin aràn Ascaris ní ara págunpàgun aláwọ̀ igi. Ti Trichuris dà bí àgbá tí wọ́n fi ìdérí dí lójú méjèèjì. Ti hookworm ní èèpo tinrín tó mọ́ gaara. Albendazole 400 mg lẹ́ẹ̀kan ló wọ́pọ̀ fún wọn, àmọ́ kì í ṣe fún aboyún ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Hookworm ń mu ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ẹ wo iye ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà pẹ̀lú.

Sòbìà kò ní oògùn tó ń pa á, kò sì ní àjẹsára. Síbẹ̀, fífi aṣọ sẹ́ omi mímu àti ṣíṣọ́ àwọn tó ní in kí wọ́n má wọ odò ló lé e lọ, tí wọ́n fi jẹ́rìí sí i lọ́dún 2013 pé ó ti tán ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá mọ ìrìn àjò kòkòrò lè ká a mọ́ ojú ọ̀nà.

Ọmọ tó ń tọ ẹ̀jẹ̀, tó sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò tí ìgbín odò wà, ẹ ronú kan Schistosoma haematobium. Ẹ gba ìtọ̀ rẹ̀ láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí méjì ọ̀sán, ìgbà tí ẹyin máa ń pọ̀ jáde, kó sì jẹ́ ìtọ̀ ìkẹyìn tó ń kán. Ẹ yí i nínú centrifuge, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀: ẹyin náà ní ẹ̀gún ní ìdí. Bí ẹ̀gún bá wà ní ẹ̀gbẹ́, tí ẹ sì rí i nínú ìgbẹ́, Schistosoma mansoni ni. Praziquantel 40 mg fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan ni oògùn rẹ̀, àmọ́ kì í pa àwọn ọmọ aràn tí kò tíì gbó. Ẹ ní kí wọ́n mú ọmọ náà padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Bí ẹ bá tún rí ẹyin, ẹ wò ó dáadáa lábẹ́ x40: bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá ń mira, aràn ṣì wà láàyè, ẹ tún fún un ní oògùn.